Ìràwọ̀ Kan tí Mo Fún Géèmù Rẹ

Abúlé Tochizawa,
Lẹ́yìn afárá.

Misao ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú Tokyo tí kì í sùn. Yìnyín ti bọ́ sórí òkè ẹ̀yìn ilé wa lánàá, kò tíì dé ojúde, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo ti tan tùràrí fún ìyá rẹ láàárọ̀ yìí, mo bu ìrẹsì tuntun síwájú àwòrán rẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ, kó bá mi di ọwọ́ mi mú kí n má baà kọ ìsọkúsọ. Ara mi le. Orúnkún mi òsì ń dùn mí díẹ̀, kò dá mi dúró. Kí ìwọ náà wà ní àlàáfíà, kí oúnjẹ máa lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ, kí òtútù má wọ̀ ọ́ láyà, kí ẹni tó bá ń wá ìpalára rẹ má mọ ọ̀nà ilé rẹ.

Nílé níbí, a ti bó èso kaki, a ti so ó kọ́ sábẹ́ òrùlé, ó ń gbẹ. Béárì kan sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, ó jẹ gbogbo èyí tó wà lórí igi Hatsue, ó tún já ẹ̀ka igi náà lulẹ̀ bí ẹni pé igi ló ṣẹ̀ ẹ́. Ìrẹsì wa jáde dáadáa lọ́dún yìí. Àwọn tó ń yẹ ìrẹsì wò ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lu òǹtẹ̀ ìkíní mọ́ gbogbo àpò wa láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. O rántí pé ìkejì ni wọ́n fún wa lọ́dún tó kọjá nítorí oòrùn tó mú jù, mo sì bínú débi pé mi ò lè jẹ ìrẹsì ọ̀hún fúnra mi. Ọ̀rọ̀ ìkíní yìí gan-an ló kó bá mi, òun sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi bẹ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí géèmù ìjà tí ẹ ṣe níbi iṣẹ́ yín jáde, mo ní kí Hatsue, opó Tamekichi tó ń mójú tó gbọ̀ngàn abúlé wa, bá mi ṣí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn kí n lè rí ohun tí àwọn tó ń gbá a ń sọ nípa rẹ̀. Ó ṣí i, ó lọ gbé omi tíì kaná, ó ku èmi nìkan níwájú ẹ̀rọ. Mo tẹrí ba fún wọn kí n tó kà á, torí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń rí mi. Orúkọ oníkálukú wà níbẹ̀, ìràwọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Mo rí ìràwọ̀ kan. Mo tún rí kan. Bẹ́ẹ̀ ló tò lọ sísàlẹ̀, kan, kan, kan. Àwọn mìíràn fi mẹ́ta, àwọn mìíràn fi márùn-ún, mo sì ń wí nínú ara mi pé ìlara ló ń da àwọn wọ̀nyí láàmú. Misao, ta ni yóò bá àgbẹ̀ sọ ọ́ pé kan kì í ṣe ìkíní? Láti kékeré mi ni ìkíní ti ń jẹ́ ìkíní. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ń lọ̀ kúnná fún àwọn tó ń ṣe ìpápánu, ìkarùn-ún kò tiẹ̀ sí, adìyẹ ni à bá fún. Omi bọ́ lójú mi níbi tí mo jókòó sí. Mo ní ọmọ Fumie aya mi rèé, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń fún un ní ìkíní yìí.

Mo wá ní èmi náà kò ní jókòó kalẹ̀ máa wòran. Mo kọ èrò tèmi sórí ìwé, Hatsue sì tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ bí mo ṣe kọ ọ́. Mo kí wọn kú ìkórè, mo béèrè àlàáfíà ẹbí wọn, mo sọ orúkọ mi, mo sọ orúkọ abúlé àti ilé òrùlé búlúù tó wà lẹ́yìn afárá, mo ní ẹni tó bá ń gba ọ̀nà ibí kọjá kó yà wá mu tíì. Mo wá sọ pé mi ò tíì gbá géèmù náà rí, àmọ́ mo mọ ẹni tó ya àwòrán inú rẹ̀, pé ọmọ náà kì í yan oúnjẹ jẹ, kò sì purọ́ fún mi rí. Ẹ̀rọ béèrè iye ìràwọ̀. Hatsue ní ṣé ká fi márùn-ún sí i. Mo ní kí ló dé tó fi rí mi fín, ṣé màá fi ọmọ tèmi sí ipò karùn-ún ni, ìkíní ni kó tẹ̀. Ó wò mí, ó ní ṣé ó dá mi lójú. Òun náà kò gbá géèmù rí, ó rò pé mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ó tẹ̀ ẹ́.

Mo délé, mo se ìrẹsì pupa ẹlẹ́wà bí a ṣe máa ń sè é fún oríire, mo gbé e ká ojúlé kọ̀ọ̀kan, àlùfáà tẹ́ńpìlì pàápàá gba tiẹ̀, ó sì bá mi yọ̀. Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní kú oríire o, wọ́n ti fún ọ ní ìkíní, èmi náà sì ti fi tèmi kún un. O dákẹ́. Mo rò pé inú rẹ ló dùn jù. O wá fi ohùn kékeré kan, irú èyí tí o fi ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ibà bá mú ọ lọ́mọdé, sọ pé, “Bàbá, ẹ̀yin náà?”

Ẹkún lo fi sọ ìyókù. O ní inú àwọn tó ń gbá géèmù kò dùn sí Otane, ìyá àgbà tó ń fi atẹ jà, èyí tí ìwọ fúnra rẹ yà. O ní wọn kò fẹ́ bó ṣe ń fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ìbàdí, tó ń dúró sinmi láàárín ìjà, àti pé ọ̀gá rẹ ti ní kí o yọ ìṣe ọwọ́ yẹn kúrò kí ọdún tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yọ Otane kúrò pátápátá. O ní ọwọ́ ìyá rẹ ni ọwọ́ yẹn, ibẹ̀ nìkan láyé ni ó ṣì ti ń rìn, tí wọ́n bá mú ọwọ́ yẹn lọ, ó di ìyá arúgbó ẹlòmíràn. O ní ìwọ yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o tó ṣe é. Fóònù bá kú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e, ìyẹn ló jẹ́ kí n mú kálàmù.

Nígbà tí mo sọ fún Hatsue, ó fi fóònù béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Morioka, ó sì wá bá mi nínú oko, kò lè wo ojú mi. Ó ní márùn-ún ni ìkíní wọn. Ó ní kan ni ti ẹni tí wọn ò fẹ́ rárá. Háà. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀ tòun ti orúkọ abúlé, mo dúró láàárín àwọn tó ń na ọmọ mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, Misao, ó sì dùn mí wọra. A sáré padà sí gbọ̀ngàn pé ká lọ yí i padà. Ẹ̀rọ ní kí n sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí mo fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ti ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo sì pa á mọ́ débi pé èmi náà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìràwọ̀ kan yẹn ṣì wà níbẹ̀ di òní. Forí jì mí.

Mo wá ní kí Hatsue bá mi ka èrò gbogbo wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan la kà á tán. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ọmọ mi, mo sì ń bẹ̀rù pé ẹkún nìkan lò ń sun, o kò ríran mọ́. Ẹnì kan ní àwòrán yín dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ tí òun máa ń gbàgbé láti jà, wọ́n á ti lu òun ṣubú. Obìnrin kan ní orin rẹ̀ ni òun fi ń fọ abọ́. Ẹnì kan ní owó òun bá omi lọ, pé ìtàn inú rẹ̀ tán kí tíì òun tó tutù. Ọ̀pọ̀ ló ń bínú sí ọmọkùnrin onídà yẹn, wọ́n ní idà rẹ̀ gùn jù, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ òun. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ọmọ tó bá ń fi igi gígùn ṣeré láàárín èrò, kò gba ẹ̀kọ́ ilé ni. Àwọn mìíràn ní tí ẹni tó wà ní Hokkaido bá ń bá ẹni tó wà ní Kyushu jà, ẹ̀ṣẹ́ máa ń pẹ́ lọ́nà, kó tó dé, ẹni tí wọ́n fẹ́ lù á ti kúrò níbẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà ń ṣe níbí nígbà yìnyín, kí ẹni ọ̀nà jíjìn máa tètè ju ẹ̀ṣẹ́ tirẹ̀.

Ọmọbìnrin onírun búlúù yẹn ńkọ́, ṣé bàbá rẹ̀ wà láàyè? Hatsue fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ikùn rẹ̀ ló wà níta, wọ́n sì ní orí òkè oníyìnyín ló ti ń jà. Mo rí i pé àwọn kan ń yìn ín nítorí ẹ̀, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé àwọn yẹn kò ní í bá a ra oògùn. Hatsue ti hun ọ̀já ikùn kan fún un pẹ̀lú òwú onírun àgùntàn. Mo dì í mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ bá a wé e.

A wá dé ọ̀dọ̀ Otane. Hatsue ṣí àwòrán rẹ̀, èyí tó ń mira. Ó wọ épírọ́ọ̀nù funfun, ó di gèlè kékeré sẹ́yìn ọrùn, ó mú atẹ tí a fi ń fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́. Hatsue, tó ti ń bá ìyá rẹ gbin ìrẹsì láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun, yọ dígí ojú rẹ̀. Ó ń nù ún, ó nù ún títí. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka èrò wọn. Wọ́n ní ìyá àgbà náà lágbára, pé atẹ rẹ̀ ń fẹ́ ènìyàn dànù bí ìyàngbò. Àmọ́ tó bá ti lu ẹni tó lágbára kan tán, á nàró, á gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ìbàdí, á dúró díẹ̀, ibi tó dúró sí yẹn ni wọ́n sì ti ń lù ú bolẹ̀. Àwọn kan ní ẹ jẹ́ kó yára. Àwọn kan ní àbùkù iṣẹ́ yín ni. Èyí tó ń jẹ́ Ọbẹ̀ Miso Tútù ló kọ èyí tó burú jù, tó ní, “Ẹ gé ọwọ́ ìyá arúgbó yẹn dànù, tàbí kí ẹ má mú un wá sójú ìjà mọ́.”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló gún ọ lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Mo kọ́kọ́ káàánú ìdílé tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, mo rò pé bóyá bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré ló sọ ọ́ di oníbìínú.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú pátákó ìkéde tó ń lọ láti ilé dé ilé, nítorí ohun tó bá kan òkú wa kan gbogbo abúlé. Àárín ìkéde ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín àti ìkéde béárì ló bọ́ sí, pẹ̀lú àwòrán Otane tí Hatsue tẹ̀ jáde. Ilé kọ̀ọ̀kan kà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ wọn sí i, wọ́n sì gbé e fún ilé kejì bó ṣe yẹ. Olórí abúlé kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni gé ọwọ́ àgbàlagbà láìpe ìpàdé. Ìyá Yasu, tí kò ríran dáadáa mọ́, ní kí ìyàwó ọmọ òun gbé e súnmọ́ ojú òun. Ó ní Otane mú atẹ bó ṣe yẹ ká mú un, pé ọrùn ọwọ́ ló fi ń yí i, kì í ṣe apá, àti pé ẹni tó yà á fojú sílẹ̀ wo ìyá rẹ̀. Ìyá Yasu kì í yin ènìyàn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Gbọ́ ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́rì ńlá kan dúró lẹ́bàá afárá. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, àgbà díẹ̀, ó sanra, ó ń rìn bí ẹni tó jókòó pẹ́ jù, ó gbé páálí manju, ìpápánu dídùn ẹlẹ́wà, dání. Ó dé ẹnu ọ̀nà wa, ó tẹrí ba, ó ní orúkọ òun ni Nagakubo, pé òun lòun ń jẹ́ Ọbẹ̀ Miso Tútù, òun wá tọrọ àforíjì. Èmi náà, láti ọjọ́ tí mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ti ra páálí manju sílẹ̀, tí mò ń wá ẹni tó mọ ilé rẹ̀ kí n lè lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú ọmọ mi. Mo sáré lọ gbé tèmi. Ó na tirẹ̀ sí mi, mo na tèmi sí i, a tẹrí ba, ó tún tẹ̀ ẹ́ ju tèmi lọ, mo tún tẹ̀ ẹ́ ju tirẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbórí sókè. Orúnkún mi ló kọ̀. Òun ló gbé mi dìde. Ìgbà yẹn la rí i pé ṣọ́ọ̀bù kan náà la ti ra páálí méjèèjì.

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ ilé wa. Ó ní èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun rí ẹni tó ń fi gbogbo ẹnu yin géèmù tó wá fún un ní ìràwọ̀ kan, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun kò lè rẹ́rìn-ín, torí ìrẹsì ni òun ń fi lọ́rì kó láti apá ibí lọ sí Sendai, òun mọ ohun tí ìkíní jẹ́ lójú àgbẹ̀. Ó ní ìyẹn àti atẹ ìrẹsì ọwọ́ Otane ló jẹ́ kí òun mọ̀ pé bàbá ẹni tó ya Otane ni, ojú sì ti òun nítorí ohun tí òun kọ. Ó gba àyè lọ́wọ́ mi láti tan tùràrí. Nígbà tó kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ tó gbójú sókè, ó rí àwòrán ìyá rẹ, èyí tí a yà lójú oko, tó wọ épírọ́ọ̀nù. Ó wò ó títí. Ó ní ṣé òun lè jókòó, bẹ́ẹ̀ ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹni tó gbé ayé rí ni Otane.

Ó gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ wá látinú lọ́rì, níbi tó ti máa ń gbá a tó bá dúró sinmi lójú ọ̀nà. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa, a ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ kotatsu, tábìlì tó ń mú ẹsẹ̀ wa móoru. Ó fún mi ní ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń tẹ̀, mo mú un bí ẹni mú ẹyin, mi ò tẹ nǹkan kan. Mo rí i pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ní ẹ̀gbẹ́. Iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn kò lè yà fún ara wọn, bí ẹni méjì tó pàdé lórí ọ̀nà tóóró àárín oko ìrẹsì. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ru ẹrù la máa ń padà sẹ́yìn fún. Bóyá ẹ kò ronú kan ìyẹn.

Otane wá jáde. Misao, o kò sọ fún mi. Ó fa okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀ le, ó ká etí aṣọ náà wọlé, ó sì tẹrí ba fún ẹni tó fẹ́ bá jà kí ó tó gbé atẹ. Bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe kí ó tó wọ oko nìyẹn, ó máa ń kí oko. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ojú mi ṣe. Nagakubo ń wo iwájú, kò wò mí, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Otane lu ọmọkùnrin onídà yẹn, ó lù ú dáadáa, ó wá nàró, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn. Ọmọ náà sì fi idà rẹ̀ ṣá a lulẹ̀. Ó dìde, ó tún jà, ó tún gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn, wọ́n tún ṣá a. Mo ní kí Nagakubo dá a dúró.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi, pé kí ló dé tó fi kọ ọ̀rọ̀ líle bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, láti ìgbà tí géèmù yìí ti jáde, Otane nìkan ni mò ń mú jà. Awakọ̀ ni mí, mo mọ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tí mo bá rí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa lù ú níbi tó ti ń dùn ún.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ẹni tí mo rò pé ó kórìíra ìyá rẹ jù lọ nínú gbogbo wọn, òun ló ń káàánú rẹ̀ jù. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àánú sílẹ̀ ni, ìbínú ló jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí. Àwọn aláìmoore wà níbẹ̀, mo kà wọ́n. Àmọ́ mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní kí ẹ mú ọwọ́ náà kúrò, Otane ni wọ́n ń mú jà, òun ni wọ́n ń fẹ́ kó borí.

Nagakubo ti lọ, ó gba kaki díẹ̀ àti daikon tí a wú lóko. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ohun tí o sọ fún mi, pé ọwọ́ yẹn ni ìyá rẹ. Mo ti rò ó lóko, mo ti rò ó níwájú pẹpẹ. Misao, ìwọ ló bá ọwọ́ yẹn nílé, èmi kò bá a nílé. Nígbà tí Fumie wọlé yìí, kò sí ọwọ́ kankan ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ó máa ń gbé àpò ìrẹsì, á sáré lé mi lórí afárá, á sì dé òdìkejì ṣáájú mi, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun ń rìn bí ìyá ọkọ òun. Ọdún ń lọ, iṣẹ́ ń lọ, ìwọ dé, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ yẹn dé. O kò mọ̀ ọ́n láìsí i. Èmi mọ̀ ọ́n. Okùn épírọ́ọ̀nù tó ń fà le, ìyá rẹ nìyẹn. Orí tó ń tẹ̀ ba fún ọ̀tá rẹ̀, ìyá rẹ nìyẹn. Ọrùn ọwọ́ tí Ìyá Yasu dá mọ̀ pẹ̀lú ojú tó fọ́ tán, ìyá rẹ nìyẹn, kò sì sí ẹnì kankan nínú gbogbo àwọn tó ń gbá géèmù tó ní kí ẹ mú ìwọ̀nyí kúrò. Mo wá a, kò sí. Èyí tó wà ní ẹ̀yìn ìbàdí yẹn, ìrora ni. Má pè é ní ìyá rẹ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Kẹrosíìnì ṣì wà, má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ tí ó bá wà, kí n ra irú ẹ̀rọ Nagakubo yẹn, ó ní òun á bá mi gbé e bọ̀, òun á sì so ó pọ̀. Àwọn ọjọ́ yìnyín máa ń gùn, Hatsue náà sì fẹ́ máa wá wò ó. Kí o tún gbé fóònù tí mo bá pè. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ kò ní já ọ kulẹ̀, ojú rẹ kò ní rí ìtìjú lọ́wọ́ àwọn tó ò ń ṣiṣẹ́ fún, ọwọ́ tí o fi ń yàwòrán kò ní wárìrì, ọ̀nà tí ó gbé ọ lọ ni yóò gbé ọ padà wá bá mi láyọ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ wà ní ilé ìwòsàn, tí àìsàn ti wọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, a bẹ dókítà, a bẹ àwọn nọ́ọ̀sì, mo lọ kúnlẹ̀ ní tẹ́ńpìlì, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá lè mú ìrora náà kúrò lára rẹ̀ kó mú un kúrò, kó sì gba ohunkóhun tó bá fẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ìwọ lo ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó lè ṣe é. Ní báyìí wọ́n ti gbé e lé ọ lọ́wọ́, wọ́n tiẹ̀ ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe é. Ọmọ mi, mú un kúrò. Jẹ́ kí ó nàró, kí ohunkóhun má ṣe dùn ún.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kinsaku Onodera.